Àìsàn Kì Í Ṣe Àbùkù: Bí Ṣọ́jà Amẹ́ríkà Tí Ara Kò Jẹ́ Kó Parí Iṣẹ́ Ṣe Lè Wá Àtúnṣe sí Ìwé Ìjáde Rẹ̀

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọ Oníkòyí, ọmọ jagunjagun, sì ń tò lọ sí ojú ìjà, ẹni tí ó bá fi àyà gba ọfà kì í fi ojú ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé àpá iwájú ni ẹ̀rí akọni, ẹ̀yìn sì ni àwọn àgbà máa ń wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tí ó sá. Ará ilé mọ̀ ọ́n, ará oko mọ̀ ọ́n, akéwì sì mọ ibi tí yóò fi í sí nínú oríkì. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó lọ mú ìwé wá. Ayé ti yí padà. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lónìí, níbi tí àwọn ọmọ wa láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti Èkìtì àti láti Ìjẹ̀bú ti ń wọ iṣẹ́ ológun, yálà kí wọ́n lè fi rí owó ilé-ẹ̀kọ́ ni o, tàbí kí wọ́n lè fi di ọmọ onílùú, ìwé kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́rìí ẹni lẹ́yìn iṣẹ́, ohun tí a bá sì kọ sínú rẹ̀ ni ayé yóò gbà gbọ́, ì báà ṣe òtítọ́, ì báà má ṣe òtítọ́.

Nínú gbogbo àwọn tí ìwé yìí ń pọ́n lójú, àwọn tí ọ̀ràn wọn ń dùn mí jù ni àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn kọ̀ kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí dókítà dá padà sílé láàrin oṣù díẹ̀, tí wọ́n sì mú ìwé tí kò pè wọ́n ní ọlọ́lá, tí kò sì pè wọ́n ní oníbàjẹ́, dání lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ìtìjú ni, wọ́n sì dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí olùkàwé mọ̀ ni pé àìlera kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àtúnṣe, àti pé ẹ̀rí ni a fi í gba irú ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ẹkún.

Kí á kọ́kọ́ wo ìwé náà fúnra rẹ̀. DD Form 214 ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà láti ọdún 1950. Àpótí kéékèèké ni wọ́n pín in sí, nọ́ńbà sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpótí 24 ni ó ń sọ irú ìjáde tí ṣọ́jà jáde. Àpótí 25 ń sọ òfin tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Àpótí 26 jẹ́ àmì ìkọ̀kọ̀ tí àwọn ológun ń lò láàrin ara wọn. Àpótí 27 ń sọ bóyá ó tún lè padà wọṣẹ́. Àpótí 28 sì ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ìdí tí ó fi kúrò. Ẹ̀dà ìwé yìí ju ẹyọ kan lọ, èyí tí ó kúrú láàrin wọn kò sì ní àwọn àpótí wọ̀nyí nínú rárá. Ẹ̀dà gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Member Copy 4, ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹjọ́ wá rí. Bí ó bá ti sọnù, ilé àkójọ ìwé àwọn ológun tí ó wà ní ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ni a ti ń béèrè òmíràn, fọ́ọ̀mù tí a sì fi ń béèrè ni SF-180.

Irú ìjáde tí ó lè wà nínú àpótí 24 kò pọ̀ ju mẹ́fà lọ. Honorable ni olórí wọn, ìjáde ọlọ́lá tí kò ní àléébù. General ni ó tẹ̀ lé e, ìjáde tí ọlá ṣì wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àbàwọ́n díẹ̀ ti kàn. Other Than Honorable ni èyí tí ọ̀gá ológun lè fún ni láìsí ìgbẹ́jọ́ ní kóòtù, tí ó sì ń ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn mọ́ ẹni. Bad Conduct àti Dishonorable ni ti àwọn tí kóòtù ológun ti dá lẹ́bi. Ìkẹfà ni ọ̀rọ̀ wa yìí, Uncharacterized, ìjáde aláìlápèjúwe. Èyí ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ẹni tuntun lẹ́nu iṣẹ́, èrò wọn sì ni pé àkókò tí ó lò kò tó èyí tí a lè fi sọ pé ó ṣe dáradára tàbí kò ṣe dáradára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ 180 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ka ẹni sí ẹni tuntun. Òfin tí ó wà lójú iṣẹ́ ní ọdún tí ẹni náà jáde ni kí ó sì fi díwọ̀n ti rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kí a lè rí bí ọ̀ràn yìí ti í bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní Fort Jackson ní South Carolina, níbi tí àwọn ṣọ́jà tuntun ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ń fi ẹrù wúwo sẹ́yìn sáré láàárọ̀, ó ń fi ìbọn sí èjìká yan lọ́sàn-án, títí egungun ojúgun rẹ̀ fi sán. Ó kọ́kọ́ pa á mọ́ra, nítorí pé kò fẹ́ kí sájẹ́ǹtì pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́ ni ó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wò ó, ó bi í bóyá ẹsẹ̀ náà ti dùn ún rí nígbà èwe, ó ní ó dùn òun díẹ̀ nígbà tí òun ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà jókòó, wọ́n ní àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó wọṣẹ́, wọ́n sì gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé bí ó bá fọwọ́ sí i, yóò délé láìpẹ́. Ọmọ tí ìrora ń bá jà, tí ilé ń wù ú, tí kò sì sí àgbà kan nítòsí tí yóò ní kí ó dúró ná, fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó délé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lójú àpótí 28 pé òun kùnà ìwọ̀n ìlera tí wọ́n fi ń gba ènìyàn síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ológun ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀ ní ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àpẹẹrẹ lásán ni ọmọ yìí, ṣùgbọ́n báyìí gan-an ni nǹkan ti máa ń rí.

Kí ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni, kí sì ni kò gbà? Níhìn-ín ni àìmọ̀ ti ń pa àwọn ènìyàn wa lára. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí ó bá gba ìjáde aláìlápèjúwe kò ní ohunkóhun láti béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VA. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà VA fúnra rẹ̀ sọ pé kí a ka ìjáde ẹni tuntun sí ìjáde tí kò ní àbùkù nínú. Bí ṣọ́jà náà bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ mú kí àìsàn tí ó ní tẹ́lẹ̀ le sí i, ó lè béèrè owó ìtọ́jú láì dúró de àtúnṣe ìwé kankan. Òfin sì tún tì í lẹ́yìn, nítorí pé VA gbọ́dọ̀ gbà pé ara ẹni dá nígbà tí ó wọṣẹ́, àfi ohun tí dókítà bá kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ pé ó ń ṣe é; bí ìjọba bá ní àìsàn náà ti wà tẹ́lẹ̀, ọrùn ìjọba ni ẹrù ẹ̀rí wà, ẹ̀rí náà sì gbọ́dọ̀ hàn kedere bí ọ̀sán.

Ibi tí ìwé náà ti ń dí ni lọ́wọ́ wà lóòótọ́. Owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń san fún àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ológun lẹ́yìn ọjọ́ 10 September 2001 ń béèrè Honorable. General pàápàá kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn jíjẹ́ ọmọ onílùú, tí ó kan àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ pé káàdì ìgbélùú ni wọ́n fi wọṣẹ́. Òfin jẹ́ kí ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ológun tọlátọlá di ọmọ Amẹ́ríkà kíákíá ju àwọn yòókù lọ, àwọn aṣojú ìjọba sì gbà pé Honorable àti General ni ó jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọlọ́lá. Aláìlápèjúwe kò sí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá mú irú rẹ̀ dání kò gbọdọ̀ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgbójú. Kí ó kọ́kọ́ rí lọ́yà tí ó mọ òfin ìwọ̀lú dunjú.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí á lè mọ ibi tí ẹ̀tọ́ àtúnṣe yìí ti wá, nítorí pé ìyà ni ó bí i. Ní ọdún 1906, ìbọn dún lóru ní ìlú Brownsville ní ìpínlẹ̀ Texas. Wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì lé 167 nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ìgbẹ́jọ́, láìsí ọlá, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Ọdún 1972 ni àwọn ológun tó yí ìjáde wọn padà sí ti ọlọ́lá, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ilẹ̀ ti gba gbogbo wọn tán. Ṣáájú wọn ni Henry O. Flipper, tí a bí sínú oko ẹrú ní Georgia ní 1856, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point ní 1877, tí kóòtù ológun lé lọ ní 1882. Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá àtúnṣe, ó sì kú ní 1940 láì rí i. Àwọn ẹbí àti alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 1976, ìgbìmọ̀ tí ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe sọ ìjáde rẹ̀ di ti ọlọ́lá, Ààrẹ Clinton sì foríjì í ní 1999. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Nígbà ogun àgbáyé kejì pẹ̀lú, ìwé aláwọ̀ búlúù kan wà tí kì í ṣe ti ọlọ́lá, tí kì í sì í ṣe ti àbùkù, gẹ́gẹ́ bí aláìlápèjúwe òde òní. Láàrin oṣù December 1941 sí June 1945, àwọn tí wọ́n fún lé ní 48,000, àwọn aláwọ̀ dúdú sì lé ní 10,000 nínú wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ ogun. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, Pittsburgh Courier, figbe ta, wọ́n sì fi òpin sí ìwé búlúù ní 1947. Láàrin ìgbà náà ni òfin 1944 dá ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ìjáde sílẹ̀, tí òfin 1946 sì dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ṣáájú ìgbà náà, àfi kí àwọn aṣòfin jókòó ṣe òfin pàtàkì nítorí ẹnì kan ṣoṣo kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó lè yí padà.

Àwọn ìgbìmọ̀ méjèèjì wà títí di òní, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Àkọ́kọ́ ni Discharge Review Board. Fọ́ọ̀mù DD 293 ni a fi ń lọ síbẹ̀, láàrin ọdún 15 sí ọjọ́ tí ẹni jáde. Ó lè yí irú ìjáde àti ìdí ìjáde padà. Ẹni náà lè ní kí wọ́n wo ìwé òun nìkan, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè béèrè pé kí òun fi ẹnu ara òun rojọ́ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yìí kò ní agbára láti sọ pé àìlera ni kí wọ́n fi fẹ̀yìn ẹni tì. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ èyí, tàbí tí ọdún 15 ti kọjá lórí rẹ̀, Board for Correction of Military Records ni kí ó gbà lọ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DD 149. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ológun ni ó jókòó níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti tún àṣìṣe ṣe àti láti mú ìwà àìtọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ọdún 3 ni òfin fún ni, láti ọjọ́ tí ẹni ti mọ̀ pé àṣìṣe wà; wọ́n lè fojú fo ọjọ́ tí ó ti kọjá bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A kì í san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù ni èyí tí ó kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láì fi epo pa á. Bí ẹni bá kàn lọ bá ìgbìmọ̀ pé òun kò hùwà burúkú, àìsàn ni ó mú òun, nítorí náà kí wọ́n sọ ìwé òun di Honorable, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo. Lójú wọn, aláìlápèjúwe kì í ṣe ìyà, ohun tí òfin pa láṣẹ fún ẹni tuntun ni, Honorable kò sì tọ́ sí i àfi bí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ bá ta yọ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbàgbọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe ni ó tọ́, ẹni tí ó bá ní kò tọ́ ni kí ó fi hàn. Nítorí náà, ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni kí a fi ìka tọ́ka sí.

Kí ẹni náà ka ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sọ fún un pé wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀ ni wọ́n ń kà dé, kì í ṣe ọjọ́ tí ó wọkọ̀ lọ sílé. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, aláìlápèjúwe kò tọ́ sí i mọ́. Kí ó wo ìwé àyẹ̀wò ara rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ DD 2808. Bí dókítà bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ọ̀rọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tí ó dúró lé. Bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ó ti fara pa, ó lè rojọ́ pé ó yẹ kí wọ́n gbé òun lọ síwájú ìgbìmọ̀ àìlera tí ń díwọ̀n bí ara ẹni ti bàjẹ́ tó; níbẹ̀, ẹni tí ìdíwọ̀n rẹ̀ bá tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún ń fẹ̀yìn tì pẹ̀lú owó oṣù, ẹni tí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀ ń gba owó ìdágbére.

Àìsàn ọkàn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́jà ni wọ́n ti lé lọ rí pẹ̀lú àkọlé pé ìwà àbínibí wọn kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé ogun, ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìpalára orí ni ó da ọkàn wọn rú. Ní 2014, Chuck Hagel tí ó jẹ́ mínísítà ètò ààbò pàṣẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ fi ojú àánú wo ẹjọ́ àwọn tí ìpayà ogun bá. Àṣẹ 2017 fẹ̀ ẹ́ dé orí àwọn àìsàn ọkàn yòókù, ìpalára orí àti ìfipábánilòpọ̀. Ti 2018 sì sọ pé a lè ṣàtúnṣe nítorí àánú àti ìwà rere ẹni lẹ́yìn iṣẹ́ pàápàá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí nínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó ń gba ẹjọ́ ni ìwé ilé ìwòsàn àti àwòrán x-ray láti ibi ìkọ́ṣẹ́, lẹ́tà dókítà ìsinsìnyí tí ó ka gbogbo ìwé náà tí ó sì sọ èrò rẹ̀ tìdítìdí, ẹ̀rí ẹnu àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ ẹni náà fúnra rẹ̀ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Kí á má ṣe fi èyí tí kò ṣẹlẹ̀ kún èyí tí ó ṣẹlẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tó láti ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ológun tẹ́lẹ̀ bí American Legion àti DAV ń ranni lọ́wọ́ láì gba owó, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin mélòó kan sì ní ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ọ̀gá wọn ti ń bá ni ṣe irú ẹjọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí o kó owó wá kí òun tó bá ọ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tí ó sì fi dá ọ lójú pé ìwọ ni yóò borí, sá fún un. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn: òfin ní kí ìgbìmọ̀ àtúnṣe parí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ẹjọ́ láàrin oṣù 10, kí kankan má sì kọjá oṣù 18. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀rí tuntun lè ṣí ẹjọ́ náà padà, kóòtù ìjọba àpapọ̀ sì ṣì wà tí a lè gbé ẹjọ́ náà lọ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ibùdó ológun dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe bi í pé kí ló dé tí kò lè fara dà á bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ẹ jọ kà á. Ìwọ tí o sì ni ìwé náà gan-an, ara tí o fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni ó fara pa, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kọ̀wé sí St. Louis, gba àkọsílẹ̀ ìlera rẹ pé pérépéré, wo àpótí 24 àti àpótí 28, ka ọjọ́ rẹ, kí o sì gbé ẹjọ́ rẹ lọ kí àkókò tí òfin fún ọ tó kọjá.